ẸNI TÓ ṢE ÌKẸRIN KÌ Í ṢE ẸNI TÍ ỌLỌ́RUN KỌ̀

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àjọ̀dún ìdásílẹ̀ ìjọ wa, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Sámúẹ́lì 18:19–32, Jòhánù 5:1–9, Hébérù 12:1–3

  

Lọ́dọọdún ni Ìgbìmọ̀ Àgbà máa ń ní kí a kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sínú ìwé ìrántí yìí. Ní ọdún mìíràn, ìtàn ìjọ ni a máa ń kọ: bí a ti ṣe ra ilẹ̀, bí àwọn ìyá ti ṣe ru yanrìn, bí páànù àkọ́kọ́ ti ṣe gun orí òrùlé. Ti ọdún yìí yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan nínú ìjọ wa ni a fẹ́ sọ. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọdé ni, kò sì yẹ kí a sọ ọ́ di ẹni àpéwò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wa, nítorí pé àwa àgbà ṣẹ ọmọ náà, ó sì yẹ kí a jẹ́wọ́ ní gbangba níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé gbangba ni a ti ṣẹ̀ ẹ́.

OHUN TÍ A RÍ LÉTÍ ÒKUN

Ẹ mọ̀ pé àṣà àwa Aládùúrà ni láti máa lọ gbàdúrà létí òkun ní kùtùkùtù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwa mẹ́fà wà lórí eékún nínú sùtánà wa ní apá Okun Ajah, àbẹ́là ń jó nínú yanrìn, ni a bá rí ẹnì kan tó ń sáré bọ̀ láti òkèèrè. Ó sáré kọjá wa. Ó dé ibì kan, ó yí padà, ó tún sáré bọ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣófo bíi tiwa.

Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ̀mí ló ń lé e." Òmíràn ní, "Kì í ṣe ojú lásán." Kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú sí i, a ti dìde, a ti ká ọmọ náà mọ́, agogo ti ń dún, àdúrà ìdáǹdè ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí èémí rẹ̀ wálẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, eré sísá ni mò ń kọ́." Àṣé ọmọ ìjọ wa ni! Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, tí à ń rí ní ọjọọjọ́ ìsinmi.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè: kí ló gbé ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ilé-ìwé gíga dé orí yanrìn ní agogo márùn-ún àbọ̀ òwúrọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: pápá kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí mọ̀ bí Lekki àti Ajah ti rí tẹ́lẹ̀, àbàtà, yanrìn àti igi àgbọn, tí ọmọdé lè sáré títí tí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Lónìí, ibi tí a kò bá kọ́ ilé sí, a ti mọ ògiri yí i ká, a ti gbé géètì sí i. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wà tó jẹ́ pé àgbàlá tí wọ́n ń tò sí láàárọ̀ náà ni pápá wọn. Etí òkun pàápàá ti ń dínkù mọ́ wọn lọ́wọ́ láti ọdún 2024 tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà ńlá etíkun tí yóò lọ sí Calabar.

Ohun tí ọmọ yìí ń lé ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ń wakọ̀ èrò, ìyá rẹ̀ ń ta ẹja yíyan, àwọn àbúrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé àwọn yunifásítì kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá mọ eré sá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, oúnjẹ àti ibùgbé. Ó gbọ́ òótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni iye igi ìdènà tó wà lójú ọ̀nà náà, àti pé àwa ará ilé rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ ni yóò ri díẹ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Kí a má baà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú àlá, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Láti Ajah yìí, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ, tó kọjá Sangotedo àti Awoyaya, tó kọjá Ìbẹ́jú-Lekki, tó dé Ẹ̀pẹ́, tó sì kọrí sókè, yóò dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Olúwatóbilọ́ba Amusan ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1997. Tíṣà ni bàbá rẹ̀, tíṣà ni ìyá rẹ̀. Ẹ sì mọ ọmọ tíṣà: ìwé ni, ìwé ṣáá ni. Bàbá kò fẹ́ kí eré sísá gba ojú ìwé mọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá ló dúró ti ọmọ títí ọ̀rọ̀ náà fi yé bàbá.

Eré tí Tóbi ń sá kì í ṣe eré gbọọrọ lásán. Ọgọ́rùn-ún mítà ni, ṣùgbọ́n igi ìdènà mẹ́wàá ló wà lójú ọ̀nà. Gíga igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ 83.8 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni pé ó ga ju orúnkún lọ dáadáa. Mítà 13 ni láti ibi tí wọ́n ti gbéra dé igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 ni láàárín igi kan sí èkejì, mítà 10.5 ni láti igi ìkẹyìn dé òpin. Ẹ ṣírò ó, yóò pé ọgọ́rùn-ún. Òfin eré náà kan sì wà tó dùn mọ́ wa nínú: bí ẹsẹ̀ olùsáré bá ṣèèṣì kọ igi, tí igi náà ṣubú, wọn kò ní lé e kúrò. Kí ó ṣáà máa lọ. Ẹni tó bá dúró wo igi tó ṣubú ló pàdánù. Ẹ̀yin ará, mélòó nínú wa ló ṣì dúró ti igi tó ṣubú ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí à ń wò ó, tí à ń sunkún lé e lórí?

Nísinsìnyí, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ ìrìn-àjò ọmọ yìí. Ní ọdún 2015, ó gba wúrà níbi Eré Gbogbo Áfíríkà ní Brazzaville. Ẹni ọdún 18 ni nígbà náà. Ó wọ Yunifásítì Texas tó wà ní El Paso, níbi tí eré sísá ti bá a san owó ìwé. Ní ọdún 2016, ó lọ sí Òlíńpíìkì ní Rio, kò dé ìpele àṣekágbá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ó borí gbogbo àwọn ọmọ yunifásítì ilẹ̀ náà nínú eré rẹ̀. Ayọ̀ dé, àbí? Ẹ dúró ná. Ní ọdún 2019, níbi ìdíje àgbáyé ní Doha, ó ṣe ìkẹrin. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń fún ní àmì-ẹ̀yẹ. Ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ẹni tó ṣe ìkẹta fi jù ú lọ. Ní ọdún 2021, níbi Òlíńpíìkì ní Tokyo, ó tún ṣe ìkẹrin! Lọ́tẹ̀ yìí, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ti ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ká ní inú ìjọ wa ni ọmọ yìí wà, kí ni à bá wí? Ìkẹrin ní Doha, ìkẹrin ní Tokyo! À bá ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán. Ẹ lọ wo ìdílé bàbá rẹ̀. Ẹnì kan ló di ẹsẹ̀ ọmọ yìí mú." À bá ti fún un ní ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, à bá sì ti kà á mọ́ ìyá àgbà kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lábúlé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 2022, ní Eugene kan náà tó ti borí gẹ́gẹ́ bí ọmọ yunifásítì, Tóbi sáré ìpele kejì sí àṣekágbá ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Obìnrin kankan kò sáré eré náà yá tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà ó gba wúrà àgbáyé, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú wúrà bẹ́ẹ̀ níbi ìdíje náà. Aago 12.06 ló sá ní àṣekágbá, ṣùgbọ́n àwọn onídàájọ́ kò kọ ìyẹn sílẹ̀ bí àṣeyọrí tuntun, wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ti ràn án lọ́wọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ẹ kí Olúwa! Nínú ìje ti ọ̀run, a kì í ka afẹ́fẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ síni lọ́rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìdènà tán níbẹ̀. Ní ọdún 2024 ní Paris, kò tún dé àṣekágbá. Ó padà sí Tokyo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú tó ti ṣe ìkẹrin, ó sì ṣe ìkejì ní àgbáyé. Olúwatóbilọ́ba ni orúkọ rẹ̀. Olúwa tóbi ní ọba ní ọjọ́ wúrà, Olúwa kò sì kéré ní ọjọ́ ìkẹrin.

Kì í ṣe òun nìkan. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Fálílátù Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde-Lẹ́mọ, tí òun náà lọ kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi. Ní ọdún 1986 ló ti gba wúrà 200 mítà láàárín àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Athens. Ọdún mẹ́wàá gbáko ló tó dé orí pèpéle Òlíńpíìkì, ní Atlanta ní 1996, tó sáré 400 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, tó sì gba idẹ. Ọdún mẹ́wàá! Àwa tí a máa ń bínú sí Ọlọ́run bí àdúrà ọjọ́ méje kò bá gbà ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀.

ẸSẸ̀ TÓ YÁ TÍ KÒ NÍ IṢẸ́ TÍ YÓÒ JẸ́

Ẹ ṣí 2 Sámúẹ́lì orí 18. Absalomu ti kú sí ojú ogun. Jóábù rán ará Kúṣì kan kí ó lọ sọ fún Dáfídì ọba. Ahimáásì ọmọ Sádókù ní òun náà fẹ́ sáré lọ. Jóábù bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe nígbà tí kò ní ìròyìn tí yóò mú èrè wá. Ó ní ohun yòówù kó jẹ́, òun á sáré. Ó gba ọ̀nà pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì ya ará Kúṣì sílẹ̀. Olùṣọ́ tó wà lórí odi rí i lókèèrè, ó sì fi ìsáré rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé, tí ọba bi í nípa ọmọ rẹ̀, ó ní òun rí ariwo ńlá, òun kò mọ ohun tó jẹ́. Ọba ní kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó dúró. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni wọ́n ní kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́! Ará Kúṣì tó gbẹ̀yìn dé ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹsẹ̀ nìkan kò tó. Àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà tí à ń wí yìí, wọ́n á béèrè aago tí o sá, wọ́n á sì béèrè èsì ìdánwò rẹ. Bí aago bá dára tí ìwé kò dára, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n á ní kí o yà sí. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ wa ti di. Nígbà tí èsì WAEC jáde, ó yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó yege nínú àwọn yòókù, ìṣirò ló gbé e ṣubú. Ó ti kọ lẹ́tà sí kóòṣì mẹ́rin lókè òkun. Ẹni kan ṣoṣo ló dáhùn, tó ní kí ó fi aago rẹ̀ àti èsì rẹ̀ tó pé ránṣẹ́. Aago wà. Èsì kò tíì pé.

Bàbá Tóbi Amusan kò ṣìnà tó fi ní kí ọmọ òun dojú kọ ìwé. Ìyá rẹ̀ náà kò ṣìnà tó fi ní kí ọmọ sáré. Ìwé àti eré, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ni. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ kan sáré, ẹ ti mọ bí yóò ti rí.

"N KÒ NÍ ẸNI TÍ YÓÒ GBÉ MI"

Ẹ wá ṣí Jòhánù orí 5. Ọkùnrin kan wà létí adágún Bẹtẹ́sídà, ọdún 38 ló ti wà nínú àìlera. Nígbà tí Jésù bi í bóyá ó fẹ́ ìwòsàn, àròyé rẹ̀ ni pé òun kò ní ẹnì kan tí yóò gbé òun sínú omi. Kí òun tó dé ibẹ̀, ẹlòmíràn á ti wọlé ṣáájú òun. Ẹ wo èyí o. Kò sọ pé omi kò dára. Kò sọ pé áńgẹ́lì kò wá. Ènìyàn ni kò ní.

Ní òru tí a ka ẹ̀kọ́ yìí nínú ìṣọ́ òru, ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí pé ọmọ náà jókòó sí ìlà kẹta, ó fi orí lé ọwọ́. Kí ni àwa ti ṣe fún un? Ẹ jẹ́ kí a kà á.

Èkíní, ó lọ sá eré àwọn ilé-ìwé ní ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣe ìkẹrin. Aríran kan dìde láàárín wa, ó ní ìbátan bàbá rẹ̀ kan ló so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bàbá ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin kò kí ara wọn mọ́. Nígbà tí a wá fi ọgbọ́n wádìí, a rí i pé àwọn ọmọ mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ní bàtà eré, òun kò ní. Wọ́n ní kóòṣì, òun kò ní. Wọ́n ń sáré lórí pápá tó le, òun ń sáré lórí yanrìn tó ń gbé ẹsẹ̀ mì. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ òfo àti yanrìn etíkun ṣe ìkẹrin nínú ọgọ́ọ̀rọ̀ ọmọ, ìyanu Ọlọ́run ni àwa pè ní ègún!

Èkejì, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ fà. A fi òróró yàn án, a bu omi àdúrà fún un, a kò sì kábàámọ̀ ìyẹn, nítorí a gbà pé Ọlọ́run ń wo sàn. Dókítà ní kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìsìn ìdúpẹ́ àwọn obìnrin dé, àwa kan náà ní kí ó bọ́ síwájú kó jó, pé ẹni tó bá gbàgbọ́ kì í fi ẹsẹ̀ jókòó. Ó jó. Iṣan náà tún já. Oṣù mẹ́ta ló fi ń tiro. Ẹ dárí jì wá, ọmọ wa.

Ẹ̀kẹta, nínú ìpàdé àwọn àgbà, a fi wákàtí méjì jiyàn lórí ṣòkòtò péńpé tó ń wọ̀ sá eré. Wákàtí méjì! Kò sí ẹni tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti béèrè pé, "Ṣé ọmọ yìí ti jẹun kó tó lọ sáré?" Ẹ rántí Èlíjà. Ó sáré ṣáájú kẹ̀kẹ́ Áhábù títí dé Jésírẹ́lì. Ní orí tó tẹ̀lé e, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé ibi pé ó ń tọrọ ikú lábẹ́ igi. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Àkàrà àti omi ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí áńgẹ́lì bá mọ̀ pé ebi ń pa olùsáré, àwa ńkọ́?

A kò sọ pé ọ̀tá kò sí. Ọmọ Aládùúrà ni wá, a mọ ohun tí à ń bá wọ̀jà lóru. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdádúró ni ọ̀tá fà. Ìdádúró mìíràn, àìní bàtà ni. Òmíràn, àìní olùkọ́ ni. Òmíràn sì ni àkókò tí kò tíì tó, nítorí pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀tá, a ó máa lu ìyá àgbà nígbà tó yẹ kí a máa ra bàtà.

BÀBÁ WA TÓ Ń TIRO

Gbogbo ìjọ Aládùúrà ló mọ ìtàn Mósè Orímọládé Túnọláṣe, ọmọ Ìkàrẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le láti kékeré. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi lè rìn, nígbà tó sì wá rìn, ó ń tiro títí dé ọjọ́ ikú. Ká ní ẹnì kan fẹ́ yan olùsáré fún Ọlọ́run nígbà náà, ta ni ì bá yàn án? Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin yìí fi ẹsẹ̀ tó ń tiro wàásù láti ìlú dé ìlú, títí tó fi wọ Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1925, Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù bẹ̀rẹ̀. Ó sinmi ní 1933. Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ náà pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ti dé ilẹ̀ òkèèrè tí ẹsẹ̀ bàbá náà kò tẹ̀ rí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ nìyí. Ìwé Oníwàásù orí 9, ẹsẹ 11, ti sọ fún wa pé ìje kì í ṣe ti ẹni tó yára nìkan. Hébérù orí 12 sì fi yé wa pé àwọn ẹlẹ́rìí yí wa ká bí ìkùukùu, kí a bọ́ ohun tó wúwo sílẹ̀, kí a sì fi sùúrù sáré èyí tó wà níwájú wa. Sùúrù ni Bíbélì ní kí a fi sáré, kì í ṣe ariwo. Àwọn ẹlẹ́rìí tó sì yí olùsáré ká, kì í ṣe kí wọ́n máa ju òkúta sójú ọ̀nà rẹ̀. Àwa ni ẹlẹ́rìí ọmọ yìí. Irú ẹlẹ́rìí wo ni a jẹ́?

OHUN TÍ A FẸ́ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin ará, ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́, òkú ni. Nítorí náà, Ìgbìmọ̀ Àgbà ti fi ọwọ́ sí nǹkan wọ̀nyí, a sì ń kéde wọn láti inú ìwé yìí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹnikẹ́ni nínú ìjọ tàbí nínú àwọn àlejò wa tó bá mọ ìṣirò, kí ó jọ̀wọ́ rí Akọ̀wé lẹ́yìn ìsìn. A ti ya ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ sọ́tọ̀ ní yàrá ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ọmọ wa yóò tún ìdánwò rẹ̀ ṣe, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ọmọ mẹ́sàn-án ni orúkọ wọn ti wà nílẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ tí ẹ mọ ògiri yí ká tí ẹ kò tíì kọ́, ẹ̀yin tí ẹ sì jẹ́ alábòójútó ilé-ìwé tó ní pápá, ẹ ṣí géètì fún àwọn ọmọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wákàtí méjì péré. Ilẹ̀ kò ní tán nítorí ẹsẹ̀ ọmọdé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ̀yin aríran wa tí a bọ̀wọ̀ fún, bí ẹ bá rí ìran kan nípa ọmọ, ẹ gbé e wá síwájú Ìgbìmọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí a fi ìran tú ilé ká mọ́. A ti rán ẹni mẹ́ta lọ pẹ̀tù sí bàbá ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀, wọ́n sì ti jọ jẹun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, owó bàtà eré ti wọlé láti ọwọ́ àwọn Ìyá Ìjọ kí a tó tẹ ìwé yìí. Àwọn ìyá kan náà tí wọ́n ní kí ó jó ni o. Bí ìrònúpìwàdà ti í rí nìyẹn.

Sí ọmọ wa fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Lẹ́tà Amẹ́ríkà lè dé, ó sì lè má dé. A kò ní purọ́ fún ọ pé a ti rí i lójú ìran. Bí ó bá dé, a ó bá ọ dé pápá ọkọ̀ òfúrufú pẹ̀lú orin. Bí kò bá dé, Amẹ́ríkà kì í ṣe ìjọba ọ̀run. Yunifásítì Èkó wà ní Akọka, ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ọ̀jọ́, àwọn yunifásítì wa náà sì ní ìdíje tiwọn tí wọ́n ń pè ní NUGA láti ọdún 1966. Olúsọjí Fásùbà, tó sáré 100 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 9.85 ní Doha ní ọdún 2006, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ni tirẹ̀. Ọ̀nà ọjà kò kan ṣoṣo. Kí o ṣáà máa sáré, kí o máa ka ìwé rẹ, kí o sì sinmi bí dókítà bá ní kí o sinmi.

ÀDÚRÀ

Gbogbo ẹni tó ń ka ìwé yìí, tó ti ṣe ìkẹrin nínú ohun kan, Olúwa yóò bá ọ ṣe é. Ìwọ tí o ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwọ tí o dé ọ́fíìsì tí wọ́n ní ẹni mẹ́ta ni àwọn ń gbà, ìwọ ìyàwó tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń gbé ọmọ pọ̀n tí ìwọ ṣì ń wojú Olúwa, ìwọ oníṣòwò tí ẹlòmíràn ń tà tí ìwọ ń ká ọjà wọlé: Ọlọ́run kò kọ̀ ọ́. Ìwọ kò gbé ègún. Olúwa yóò fún ọ ní ẹni tí yóò gbé ọ sínú omi, yóò sì jẹ́ kí ìwọ náà jẹ́ ẹni tí yóò gbé ẹlòmíràn. Ìdákẹwàá igi ìdènà rẹ, wàá fò ó. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì kọ ọ́, tí ó ṣubú, má dúró wò ó. Máa lọ.

Olúwa yóò bùkún àjọ̀dún yìí. Gbogbo ọmọ wa tó ń sáré létíkun, ìgbì kò ní gbé wọn lọ. Ọdún tó ń bọ̀ yóò bá wa láyọ̀, a ó sì jọ ka ìyókù ìtàn yìí nínú ìwé ìrántí tó ń bọ̀, lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín, àmín, àmín.

A kí yín kú àjọ̀dún o. Halelúyà!

Àwa ni tiyín nínú ọgbà àjàrà Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ, ní orúkọ Ìgbìmọ̀ Àgbà